Olóyè Tó Bá Gbogbo Ayé Dá Àáró

Ẹnu Safwan, ọlọ́kadà tó máa ń gbé èrò láti Lálúpọn lọ sí Ìwó Róòdù, ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Safwan kì í bu iyọ̀ sí ìtàn, àfi tó bá ń sọ bí ọ̀kadà rẹ̀ ṣe ń sáré tó. Ibi tí ojú rẹ̀ kò tó, àwọn mìíràn tí wọ́n wà níbẹ̀ ti bá a dí i. Ohun tí a kọ sísàlẹ̀ yìí ni gbogbo wọn fẹnu kò sí.

Ọkùnrin kan ń gbé ní Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, Sanmí Àrẹ̀mú ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, kò ní dá yín lóhùn. Etí rẹ̀ kò di. Orúkọ náà ló há jù fún un, bí ìgbà tí ẹ bá gbé ẹ̀wù ọmọ ọdún méje fún àgbàlagbà. Orúkọ tó ń jẹ́ ni Olóyè Alàgbà Ọ̀mọ̀wé Sanmí Àrẹ̀mú, Ìmọ́lẹ̀ Lágelú, Àràbà Igbó Ayélujára. Oyè Alàgbà, ìjọ aládùúrà rẹ̀ ló fún un, ó sì tọ́ sí i, nítorí kì í pẹ́ dé ìsìn. Oyè Ọ̀mọ̀wé wá láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí gbogbo ara rẹ̀ wà nínú yàrá méjì lókè ilé ìgẹrun. Ìyókù, òun ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́. Bí ènìyàn kò bá rí ẹni tí yóò dé e ní fìlà, ṣé kó máa rìn lórí òfo ni?

Nínú oṣù kejì ọdún 2024 ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ àti alágàárì fi Olóyè ṣe alága Àkójọ. Ìdí tí wọ́n fi yàn án kò ju pé òun nìkan ló ní ẹ̀wù kóòtù tó bá irú ipò bẹ́ẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí Àkójọ jẹ́, kí ọ̀rọ̀ má baà rú ẹnikẹ́ni lójú. Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Gbọ́njúbọ́lá, tó ti kọ́ni ní ìṣirò rí, ṣe ìkànnì kan sórí ayélujára fún ẹgbẹ́ náà. Ó kó orúkọ gbogbo wọn jọ síbẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú-ìwé tirẹ̀: ohun tó ń tà, ibi tí wọ́n ti lè rí i, nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí ẹnìkan ní Abẹ́òkúta tàbí Ìlọrin bá kọ “gàrí Lálúpọn” sínú ẹ̀rọ awárí orí fóònù rẹ̀, Àkójọ ló ń kọ́kọ́ jáde, lókè téńté, ní ojú-ìwé kìíní. Nítorí èyí, ọjọ́ kan kì í lọ kí fóònù Mùjíbátù má dún ní ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀meje. Mùjíbátù ló ni ilé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ tó wà lójú ọ̀nà. Opó ni. Obìnrin mẹ́sàn-án ló ń yan gàrí lọ́dọ̀ rẹ̀, ilé mẹ́sàn-án ló sì ń ti inú agbada wọn jẹun.

Gbọ́njúbọ́lá mọ ohun tó gbé Àkójọ dé òkè. Ẹ̀rọ awárí máa ń wo àwọn ìkànnì tó ń tọ́ka síni, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń wo ẹni tó ń jẹ́rìí síni. Ìtọ́ka ni kí ìkànnì kan sọ fún òǹkàwé rẹ̀ pé, “Ẹ yà lọ́dọ̀ lágbájá”. Bí òǹkàwé bá ti fi ìka kan ibẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ lágbájá. Ìkànnì mọ́kànlá péré ni wọ́n jọ ń tọ́ka sí ara wọn: àwọn tó ń rọ ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́, àwọn awakọ̀ tó ń kó ẹrù oko, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Oṣooṣù ni Gbọ́njúbọ́lá ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Èyí tó bá ti kú, ó yọ ọ́. Èyí tó bá ti gba iṣẹ́ mìíràn, ó yọ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fi Olóyè jókòó sórí àga, ó pe Gbọ́njúbọ́lá síwájú gbogbo ènìyàn.

“Ọmọbìnrin mi, ìka mélòó ló ń tọ́ka sí wa lórí ayélujára?”

“Mọ́kànlá, Bàbá.”

Olóyè yíjú sí àwùjọ. Ó tẹjú mọ́ wọn kí ìbànújẹ́ náà lè rìn dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin irúgbìn tí a gbìn sí ilẹ̀ ọlọ́ràá tí ẹ kò rí oòrùn títí di òní tí mo yọ, ẹ gbọ́ bí? Mọ́kànlá. Èmi nìkan, tí a bá ka ti ẹsẹ̀ mọ́ ti ọwọ́, mo ní ogún. Kí ni àwọn baba wa fi la oko já? Ṣé kì í ṣe àáró ni? Mo ro tìrẹ lónìí, o ro tèmi lọ́la. Láti òní lọ, mo dá àáró sílẹ̀ láàárín Lágelú àti gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni tó bá tọ́ka sí wa, a ó tọ́ka sí i. Ẹni tí kò tíì tọ́ka sí wa, a ó bẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà tí ẹgbẹ̀rún ìka bá dojú kọ wá, ta ni yóò wá sọ pé òun kò rí wa?”

“Kí ikú má pa ọgbọ́n yìí, Olóyè,” ni Ọláníran, akọ̀wé ẹgbẹ́, wí. Ọláníran ni ẹni tó máa ń pàtẹ́wọ́ kí gbólóhùn tó parí, kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú rẹ̀.

Ẹni tí kò bá dàgbà sóko lè má mọ àáró. Àwọn àgbẹ̀ bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ni yóò fohùn ṣọ̀kan: lónìí, gbogbo wọn á kọbè fún Lágbájá; lọ́la, wọ́n á kọ ọ́ fún Làkáṣègbè. Iye ebè tí o bá kọ fún mi ni èmi náà yóò kọ fún ọ. Nǹkan dáadáa ni. Ohun tó dára náà ni Olóyè gbé, ó kàn gbé e ní orí sísàlẹ̀ ni.

Gbọ́njúbọ́lá kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ̀rọ awárí kì í ka iye nìkan. Ó ń wo irú ẹni tó ń tọ́ka. Tó bá rí i pé gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ la ń bá pààrọ̀ ìtọ́ka, yóò fura pé ṣe la ń wá ẹlẹ́rìí kiri, yóò sì tì wá sẹ́yìn.”

“Yóò fura sí ta ni?”

“Sí wa, Bàbá.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀rọ ọ̀hún?”

Gbọ́njúbọ́lá ronú. “Yóò tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.”

“Mo bí i,” ni Olóyè wí, àwùjọ sì pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Àṣẹ mẹ́ta ló pa lọ́jọ́ náà. Èkíní, kí wọ́n má ṣe kọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ àáró náà. Èkejì, kí wọ́n to orúkọ gbogbo alájọṣe sí ojú-ìwé àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó máa hàn gbangba. Ẹ̀kẹta ni ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun ló bí gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e: pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́ka sí Àkójọ má ṣe kọ “gàrí Lálúpọn” tàbí “àgbẹ̀ Lágelú” sára ìtọ́ka rẹ̀ mọ́. Orúkọ Olóyè ni kó kọ síbẹ̀, pẹ̀lú oyè rẹ̀ gbogbo, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀.

“Nítorí,” ó ṣàlàyé, “a kì í rí ilé láìkọ́kọ́ rí ẹnu ọ̀nà.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń tọrọ ìtọ́ka. Wọ́n á wá sí gbọ̀ngàn, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, Ọláníran á ka oyè Olóyè jáde, àwọn náà á kà á tẹ̀ lé e kó lè dá gbogbo ayé lójú pé wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá ni Jùbrílù, eléwé-ọmọ kan láti Ọlọ́runṣògo tó mọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ tí irùngbọ̀n á fi kan sìmẹ́ńtì.

“Kí ni ẹ ń ṣe?” ni Olóyè bi í.

“Oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni, Ìmọ́lẹ̀ Lágelú. Ìkànnì mẹ́rìndínlógójì ni mo ní.”

“Mẹ́rìndínlógójì fún àìsàn kan ṣoṣo?”

“Àìsàn náà ló wọ́pọ̀, Olóyè.”

Olóyè mi orí. Ó rò ó pé, mẹ́rìndínlógójì nínú ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan, tí Gbọ́njúbọ́lá kò kó ju mọ́kànlá lọ ní ọdún mẹ́rin. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé Jùbrílù dìde. Jùbrílù sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, kò sí alágbo kan láti Òjóò títí dé Ẹgbẹ́dá tí kò bá Olóyè dá àáró. Àwọn onítẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tẹ̀ lé wọn, àwọn oníwíìgì tẹ̀ lé onítẹ́tẹ́. Ìkànnì kan wá tí lẹ́tà rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí eérú, tí ẹnikẹ́ni kò lè kà.

“Ará Ṣáínà ni,” ni Ọláníran wí, ẹni tí kò rìn jìnnà ju Ìlọrin lọ rí.

“Orúkọ mi ti dé ọ̀hún,” ni Olóyè fèsì. Ó sì buwọ́ lù ú.

Nígbà tí oṣù kẹfà fi parí, ìtọ́ka ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti igba. Ẹni tó bá ṣí ojú-ìwé Mùjíbátù láti wá gàrí ní láti kọ́kọ́ la àárín ogójì alágbo, oríṣi wíìgì mẹ́tàlá àti àwọn ọkùnrin tó ń ṣèlérí pé bọ́ọ̀lù òpin ọ̀sẹ̀ yóò sọ ọ́ dolówó. Gàrí wà nísàlẹ̀ pátápátá, bí òkúta nísàlẹ̀ odò.

Ní ọjọ́ kan báyìí, fóònù Mùjíbátù dún. Ohùn ọkùnrin ni, ohùn ẹni tí ara kò rọ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Gàrí jẹ̀díjẹ̀dí yẹn, ṣé omi gbígbóná ni mo máa fi lò ó ni?”

“Gàrí lásán là ń tà níbí, bàbá mi.”

“Ṣé kò ń ṣiṣẹ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ fún ebi,” ni Mùjíbátù wí. “Tútù lẹ máa fi mu ún. Tí ẹ bá ní ẹ̀pà, ẹ fi sí i.”

Ìpè tó gbẹ̀yìn lọ́sẹ̀ náà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, kò sí ìpè kankan. Òjò oṣù keje sì ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti yan gàrí rí mọ̀ pé gàrí àti òjò kì í ṣe ọ̀rẹ́: bí àpò bá ti pẹ́ nílẹ̀, ọ̀rinrin á wọ inú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. Àpò ń ga sí i nínú yàrá Mùjíbátù. Nínú obìnrin mẹ́sàn-án tó ń yan gàrí, ó ní kí márùn-ún lọ sinmi ná. Wọ́n mọ ohun tí “ná” túmọ̀ sí.

Gbọ́njúbọ́lá ló fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn án. Ó kọ “gàrí Lálúpọn” sínú fóònù, ó sì ń ṣí ojú-ìwé lọ: kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ojú-ìwé kẹsàn-án ni wọ́n ti bá Àkójọ. “Màámi,” ó wí, “kò sí oníbàárà tó ń rìn dé ojú-ìwé kẹsàn-án.” Àwọn méjèèjì bá tọ Olóyè lọ.

Olóyè gbọ́ wọn títí, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni ń ṣàánú aláìmọ̀kan. Ó yọ fóònù tirẹ̀ jáde. Kò kọ “gàrí Lálúpọn”. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ, pẹ̀lú oyè rẹ̀ gbogbo, èyí tó gbà á ní àkókò díẹ̀. Àkójọ sì jáde lókè téńté, àwòrán Olóyè nínú agbádá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ta ló wá ní a ti sọnù?”

“Fóònù yín ti mọ̀ yín lára, Bàbá,” ni Gbọ́njúbọ́lá wí. “Ohun tí ẹ ń ṣí lójoojúmọ́ ló ń gbé síwájú yín. Kì í ṣe ohun tí àwọn ará Abẹ́òkúta ń rí nìyẹn.”

“Fóònù tó mọ ọ̀gá rẹ̀,” ni Olóyè wí, ó sì fi etí agbádá nù ún.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe rí: fóònù náà ti darapọ̀ mọ́ Ọláníran. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìyìn, àní irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò kọ́ bí a ṣe ń yìn ín.

Mùjíbátù kò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà. “Olóyè,” ó wí, “kì í ṣe orúkọ yín làwọn oníbàárà mi ń fi ṣe ẹ̀bà.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Olóyè. Kì í ṣe pé kò bìkítà fún obìnrin náà; ó gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé òun ń gbé e ga, ìyà tó ń jẹ ẹ́ sì dà bí àìmoore lójú rẹ̀. Ó pinnu láti yanjú ọ̀rọ̀ náà bí àgbà ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀. Ó ní kí Ọláníran kọ lẹ́tà sí ẹ̀rọ awárí, kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ọláníran kọ ọ́ pé, “A fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pè yín.” Olóyè ní kó pa á rẹ́, kó kọ “A pè ọ́.” Ó ní àgbà kì í sọ “ẹ̀yin” sí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àga kan síwájú gbọ̀ngàn fún ẹ̀rọ awárí, wọ́n sì gbé omi inú ike tì í. Wọ́n dúró fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé: “Ẹ̀rọ Awárí kò wá, kò sì ránṣẹ́ pé ara òun kò yá.” Ìpàdé fohùn ṣọ̀kan láti bá a wí. Jùbrílù alágbo ló mu omi náà.

Báyìí ni nǹkan rí títí di oṣù kẹwàá, nígbà tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Kifayah ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Kifayah ló ń ra oúnjẹ fún ilé ìdáná àwọn ilé-ìwé aládàáni mẹ́rìnlá ní Ìbàdàn. Ìlú mẹ́ta ló fẹ́ wò, ọ̀kan ni yóò mú. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá mú Lálúpọn, agbada Mùjíbátù kò ní tutù fún ọdún kan gbáko, àwọn márùn-ún tó ń sinmi á padà sídìí iná. Bí kò bá mú un, Mùjíbátù ti bá ará Mọ́níyà kan sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ẹni náà á wá gbé e.

“Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi,” ni Olóyè wí. Bó bá jẹ́ pé wọn kò fi í sílẹ̀ fún un, à bá máà ní ìtàn tí a ń sọ.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Ọláníran ka oyè Olóyè fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó mu omi, ó sì parí rẹ̀. Olóyè dìde. Ó sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ wá títí dé orí kọ̀ǹpútà. Ó ní Ìbàdàn lókè méje, ṣùgbọ́n ayélujára nìkan ló ní òkè kẹjọ, òun ló sì wà ní orí rẹ̀. Kifayah wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó jẹ́ obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè.

“Olóyè, a dúpẹ́. Àwọn ọ̀gá mi ní kí n fojú ara mi rí ohun tí àwọn òbí ọmọ yóò rí tí wọ́n bá wá orúkọ ẹni tó ń tà fún wa. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n wò ó lórí kọ̀ǹpútà mi?”

Gbọ́njúbọ́lá dìde. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n—”

“Jókòó, ọmọbìnrin mi. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ àwòrán, kí gbogbo ilé lè rí i.”

Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, àwòrán kọ̀ǹpútà Kifayah sì hàn sára rẹ̀ gbàràgàdà. Kifayah kọ “gàrí Lálúpọn”. Gàrí Ìjẹ̀bú jáde. Ó ṣí ojú-ìwé kejì. Ó ṣí ìkẹta. Nígbà tó dé ìkẹfà, àwọn tó wà lẹ́yìn ti dìde dúró kí wọ́n lè rí i. Mùjíbátù gbé ọwọ́ lé àyà, ó ń kà wọ́n lọ́kàn. Ojú-ìwé kẹsàn-án náà kọjá báyìí, Àkójọ kò sí níbẹ̀; ó ti tún sún sẹ́yìn.

Ẹlòmíràn ì bá dúró níbẹ̀ yẹn. Bóyá ìtìjú náà ì bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n Olóyè rántí fóònù rẹ̀, àti bó ṣe máa ń dá a lóhùn.

“Ọmọ mi,” ó wí fún Kifayah, “ẹnu ọ̀nà lẹ kò gbà. Orúkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ.”

Kifayah kọ ọ́. Ọláníran bá a pe lẹ́tà rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà, tí kò mọ Olóyè rí, tí kò sì jẹ ẹ́ ní ìyìn kankan, ronú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì kọ ohun tó mọ̀ sára aṣọ funfun, ní lẹ́tà gàdàgbà:

ṢÉ ÌDÍ Ń YỌ YÍN LẸ́NU? Ẹ LO OLÓYÈ ALÀGBÀ Ọ̀MỌ̀WÉ SANMÍ ÀRẸ̀MÚ LÁÀÁRỌ̀ ÀTI LÁLẸ́.

Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni òmíràn wà: ÀRÀBÀ IGBÓ AYÉLUJÁRA, Ó Ń WO JẸ̀DÍJẸ̀DÍ SÀN NÍ ỌJỌ́ MẸ́TA. Àwòrán Olóyè nínú agbádá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò agbo kan. Gbogbo ojú-ìwé kìíní ló rí bẹ́ẹ̀.

Fàdìlàt, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó ń sinmi, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣáájú oúnjẹ ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ?”

Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e, Safwan ní òun gbọ́ ọ lórí ọ̀kadà níta kóun tó wọlé wá wò. Àwọn ènìyàn ń di ara wọn mú. Olóyè dúró gbọnrangandan, ó ń wo orúkọ rẹ̀. Títí ayé rẹ̀, kò rí i kí wọ́n kọ ọ́ tóbi tó báyìí rí.

“Iṣẹ́ ọ̀tá ni,” ó wí.

“Iṣẹ́ àṣẹ kẹta ni, Bàbá,” ni Gbọ́njúbọ́lá wí, ohùn rẹ̀ kò sì ní ẹ̀gàn. “Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ sára ìtọ́ka ni ẹ̀rọ awárí fi ń mọ ohun tí ìtọ́ka náà ń sọ. Àwọn alágbo ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tọ́ka sí wa, orúkọ yín ni gbogbo wọn sì kọ. Ẹ̀rọ náà rò ó síwá sẹ́yìn, ó gbà pé oògùn ni yín.”

Kifayah pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé díẹ̀. “N kò lè gbé èyí lọ bá àwọn ọ̀gá mi. Ṣùgbọ́n ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa mú ìlú tí mo bá fẹ́ mú. N ó tún wò ó lọ́jọ́ náà.” Ó kàn jókòó, kò lọ.

Nígbà náà ni Mùjíbátù dìde.

“Bàbá mi dá àáró fún ọgbọ̀n ọdún,” ó wí. “Àwọn mẹ́fà ni wọ́n. Nígbà tí ẹni keje bá ní òun fẹ́ wọlé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi ara wọn: ta ló mọ oko rẹ̀? Bí kò bá sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Ẹni tí kò lóko, tó bá wá kọbè fún ọ lónìí, kí ni wàá kọ fún un lọ́la? Kò sí ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ àfi orúkọ rẹ. Gbọ́njúbọ́lá, ọmọ mi, ṣé ó ṣeé tún ṣe?”

“Ó ṣeé ṣe, Màámi. A máa kọ́kọ́ ká ìka tiwa kúrò lára wọn. A máa kọ̀wé sí wọn kí wọ́n ká tiwọn. Èyí tó bá kọ̀, a máa to orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ẹ̀rọ awárí pé a kò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn tó bá kù, a ó ní kí wọ́n padà kọ ‘gàrí Lálúpọn’ sára ìtọ́ka wọn, n ó sì máa wò wọ́n lóṣooṣù. Kò ní padà lọ́jọ́ kan. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, ó lè bá ọjọ́ tí wọ́n dá.”

“Bẹ̀rẹ̀,” ni Mùjíbátù wí.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, lójú Kifayah. Gbọ́njúbọ́lá á ka orúkọ ìkànnì kan, Mùjíbátù á béèrè pé, “Ta ló mọ oko rẹ̀?” Àwọn awakọ̀ ẹrù oko: ọwọ́ ogún ló gòkè, wọ́n dúró. Alágbo kìíní: kò sí ọwọ́, ó lọ. Alágbo kejì lọ. Jùbrílù ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ láti ìgbà tí aṣọ funfun ti sọ̀rọ̀. Ìkànnì ẹlẹ́sẹ̀ adìẹ lọ. Nígbà tí wọ́n dé orí àwọn onítẹ́tẹ́, Ọláníran ló ń kígbe “Yọ ọ́” ṣáájú kí ìbéèrè tó parí, ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún Gbọ́njúbọ́lá.

Olóyè jókòó sórí àga alága. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Ó ń fetí sí i bí orúkọ ṣe ń já bọ́, ó sì ń tu ara rẹ̀ nínú pé kò sí èyí tó jẹ́ tòun nínú wọn.

“Ìkànnì kan nìyí,” ni Gbọ́njúbọ́lá wí, ó sì wo ojú Mùjíbátù. “‘Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóyè Sanmí Àrẹ̀mú.’ Ó tọ́ka sí wa ní ìgbà igba ó lé méje.”

Mùjíbátù kò fẹ́ béèrè. Ó hàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti béèrè ti gbogbo ẹni tó ṣáájú.

“Ta ló mọ oko rẹ̀?”

Olóyè wò yíká. Àgbẹ̀ ni gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Wọ́n mọ ebè ara wọn bí wọ́n ṣe mọ ọmọ ara wọn. Ọ̀kan ń wo àjà, òmíràn ń wo bàtà rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Olóyè fi ṣọ́ yàrá ìkẹ́rùsí ní ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó ti gé e ní pulọ́ọ̀tì-pulọ́ọ̀tì tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Kò tíì gbin ẹ̀gẹ́ rí láyé rẹ̀. Ó ṣí ẹnu, gbogbo oyè rẹ̀ sì kóra jọ sẹ́nu náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ oko nínú wọn.

Ohùn tó jáde kò ga ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

“Ẹ yọ ọ́,” ó wí.

Gbọ́njúbọ́lá yọ ọ́. Kifayah fa ìwé kékeré jáde nínú àpò rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ Mùjíbátù bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá, ọdún 2024 ni ọjọ́ náà. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn nígbà tí wọ́n ka ìkànnì náà jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Nígbà tí wọ́n ka èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta, àga alága sì ti ṣófo.